Àlùfáà Tó Ń Ya Àwòrán Mímọ́: Ṣé Iṣẹ́ Méjì Ni àbí Ẹyọ Kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo rí fọ́tò àlùfáà Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kan tó wọ aṣọ dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, ó tẹ̀ba lórí pákó, ó ń kun ojú Jésù. Wọ́n ní ohun tó ń ṣe nìyẹn tí kò bá sí nínú ìsìn. Ṣé ara iṣẹ́ àlùfáà ni àwòrán yíyà yìí, àbí iṣẹ́ ọwọ́ tó fi ń gbọ́ bùkátà? Báwo ló ṣe ń rí àyè ṣe méjèèjì? Kí ló dé tí ojú gbogbo ẹni tó ń yà fi jọra, tí kì í sì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìbọ̀rìṣà ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì mọ èsì tí mo máa fún un.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń hó, nítorí náà màá dáhùn wọn bí wọ́n ṣe wọnú ara wọn.

Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn ìjọ Kristẹni àtijọ́ tó gbilẹ̀ ní Gíríìsì àti Rọ́ṣíà, kò fi àwòrán yíyà kún ohun tí àlùfáà gbọ́dọ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlùfáà wọn kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ tó ń ya àwòrán mímọ́ kì í ṣe àlùfáà, àwọn obìnrin sì wà nínú wọn. Láyé ìjọba Kọ́múníìsì ní Rọ́ṣíà, nígbà tí iṣẹ́ yìí fẹ́ẹ̀ kú, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Sokolova wà lára àwọn tí kò jẹ́ kó pa rẹ́. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní lọ́kọ, ó di obìnrin mọ́ǹkì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Juliana. Òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ di àlùfáà ní iṣẹ́ náà, ní ilé àwọn mọ́ǹkì tí Sergius Mímọ́ dá sílẹ̀ nítòsí Mọ́sìkò. Ọdún 1981 ló kú. Ọ̀dọ̀ obìnrin tí kò lè joyè àlùfáà láéláé ni àwọn àlùfáà ti kọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, èmi kì í pè é ní oníṣẹ́ méjì. Ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí pẹpẹ àti nídìí pákó: kó gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó sì fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́ láìbù mọ́ ọn, láìbù kúrò níbẹ̀. Àdúrà ìsìn tó ń gbà lọ́jọ́ Ìsinmi, òun kọ́ ló kọ ọ́. Èyí tí wọ́n sábà máa ń kà ń jẹ́ orúkọ John Chrysostom, ẹni tó kú lọ́dún 407. Ojú tó ń yà lọ́jọ́ Ajé náà, òun kọ́ ló rò ó jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbé ayé rẹ̀ ná. Àlùfáà Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì lè ní ìyàwó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti gbé e kí wọ́n tó fi í joyè. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún lè gbéyàwó mọ́, bí ìyàwó rẹ̀ bá tilẹ̀ kú. Àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní gbéyàwó, ni wọ́n ti ń mú bíṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, àlùfáà tí ẹ rí yẹn lè ní ọmọ mẹ́rin tó ń lọ síléèwé, owó tí ìjọ kékeré ń fún un sì lè má tó o gbọ́ bùkátà. Ibẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì ti ń wúlò fún ilé. Kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì pàápàá ń pa àgọ́ tà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé jẹ́ ti àdúrà, àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ ti Ìdàpọ̀ Mímọ́, láti òru mọ́jú ọjọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu, títí kan omi. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀. Àárín wọn ni ìsìnkú, aláìsàn, ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àti tọkọtaya tó ń jà ń bọ́ sí. Nígbà Lẹ́ńtì, ìsìn á pọ̀ sí i. Kì í jẹ ẹran, kì í mu wàrà, kì í jẹ ẹyin ní gbogbo àkókò náà, síbẹ̀ ẹyin ló wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì lójoojúmọ́, nítorí pupa inú ẹyin ni wọ́n fi ń po ọ̀dà.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé àyè ni kò ní sí. Mo ti jókòó ti àlùfáà kan lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Gíríìsì fún ọjọ́ mélòó kan, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń lé èèyàn kúrò nídìí rẹ̀. Pákó ni ìbẹ̀rẹ̀. Ní apá ẹ̀yìn pákó náà, káfíńtà máa ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, á sì ki igi líle bọ̀ wọ́n kí pákó má bàa ká tí ojú ọjọ́ bá yí pa dà. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Wọ́n á wá po ẹfun lílọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù náà lórí iná tí kò le, wọ́n á fi kùn ún lẹ́ẹ̀mẹjọ, lẹ́ẹ̀mẹwàá, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n kùn ṣáájú gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó kun òmíràn lé e. Ẹni tó bá fi ìkánjú gbé e sínú oòrùn á rí i tó là yánnayànna. Àlùfáà náà á kun ẹ̀ẹ̀kan, á fọ ọwọ́, á lọ ka àdúrà fún aláìsàn. Nígbà tó bá fi máa dé, ó ti gbẹ. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á fi sáńpépà fá a títí á fi dán bí èèpo ẹyin.

Ẹyin náà ni mo fẹ́ kí ẹ rí dáadáa. Ó fọ́ ọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ́ kí funfun rẹ̀ ṣàn gba àárín ìka lọ. Ó wá ń gbé pupa rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ó ń fi aṣọ nu èyí tó bá ṣófo, títí ara pupa náà fi gbẹ tí kò yọ̀ mọ́. Ó fi ìka méjì mú awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, ó gbé e sókè bí ẹni gbé àpò kékeré, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un nísàlẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ṣàn sínú ife. Awọ nìkan ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, ó sì jù ú nù. Ó bu omi díẹ̀ sí i, ó kán ọtí kíkan sí i kó má tètè bàjẹ́. Ohun tó pò mọ́ ọn kò jù ìyẹ̀fun lọ. Ilẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ tó pọ́n bí òdòdó, àwọn òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀dà ẹyin ti gbẹ lójú pákó. Tó bá sì pẹ́, á le débi pé ẹgbẹ̀rún ọdún lè kọjá lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan wúrà. Ibi tí wúrà máa wà, amọ̀ pupa ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pa á. Wúrà náà fúnra rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bébà èyíkéyìí lọ, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó bá mí sí i láìròtẹ́lẹ̀ á fẹ́ ẹ lọ. Àlùfáà yẹn tẹ orí ba, ó la ẹnu, ó mí èémí gbígbóná sára amọ̀ náà, hàà, bí ẹni tó fẹ́ nu dígí. Ọ̀rinrin èémí yẹn ló jẹ́ kí wúrà lẹ̀. Ó wá fi òkúta dídán ra á títí ó fi ń kọ mànà. Mo ti kà nípa ọ̀nà yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ó yé mi. Ó ń ṣèrìbọmi fún ọmọ kan, mo sì rí i tó mí sójú ọmọ náà, tó tún mí sójú omi, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìsìn wọn ṣe wí. Èémí kan náà ni, ẹnu kan náà. Mi ò bá a sọ ọ́, òun náà ò sì sọ nǹkan kan.

Ẹ béèrè ìdí tí ojú wọn fi jọra. Apá kan nínú rẹ̀ wá láti inú bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Ọ̀dà dúdú tó fara jọ ewéko ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń bo gbogbo ojú, sankir ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè é. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kun àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀ sí, lórí ìyẹn, èyí tó tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí wọ́n ń kùn sì ń kéré sí i, títí á fi ku ilà funfun bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àti lórí imú. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń fa ojú náà jáde. Ẹ ò ní rí òjìji tó wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé kò sí fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ìmọ́lẹ̀ náà ń ti inú ẹni mímọ́ yẹn jáde ni. Àwọn ayàwòrán Rọ́ṣíà tiẹ̀ máa ń pe wúrà ẹ̀yìn àwòrán ní “ìmọ́lẹ̀”.

Apá kejì ni pé wọ́n ní ìwé ìlànà. Àlùfáà kan tó tún jẹ́ mọ́ǹkì, Dionysios ará Fourna, ló kọ èyí tó lókìkí jù lọ láàárín àwọn Gíríìkì, ní nǹkan bí 1730 sí 1734, ní Òkè Athos, níbi tí àwọn mọ́ǹkì nìkan ń gbé. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se gọ́ọ̀mù àti bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà, kó tó sọ bí ẹni mímọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Tí ojú yín bá ti mọ́ ọn, ẹ ò ní sọ pé wọ́n jọra mọ́. Pétérù ní irun funfun kíká, irùngbọ̀n rẹ̀ kúrú. Pọ́ọ̀lù pá lórí, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú, ó sì gùn. Irùngbọ̀n funfun ti Nicholas rí róbótó, iwájú orí rẹ̀ fẹ̀. Ti Basil dúdú, ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó. Onísìn wọn tí kò mọ̀wé rárá á wọlé, á sì mọ ẹni tó ń wò ó. Ní ilé àwọn mọ́ǹkì Catherine Mímọ́ ní Òkè Sínáì, àwòrán Jésù kan wà tí wọ́n fi ìda yà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà. Ẹ fi ọwọ́ bo ìdajì ojú rẹ̀, kí ẹ tún bo ìdajì kejì: ìdajì kan jẹ́ ti aláàánú, ìdajì kejì jẹ́ ti onídàájọ́. Ẹni tó ya ìyẹn mọ ojú yà.

Ní ti orúkọ, ohun tí ẹ gbọ́ kì í ṣe òótọ́ níbi gbogbo. Ní Rọ́ṣíà àtijọ́, wọn kì í sábà kọ orúkọ ayàwòrán sí i. Ṣùgbọ́n láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ayàwòrán erékùṣù Kírétè ń kọ ọ́, Angelos sì wà lára àwọn tó lókìkí jù níbẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń kọ: “ọwọ́ Angelos”, ìyẹn nìkan. Títí dòní, “láti ọwọ́” báyìí-báyìí ni àwọn Gíríìkì ń kọ sí i. Orúkọ tó ṣe pàtàkì ni ti ẹni tí wọ́n yà. Bí kò bá sí orúkọ yẹn lójú rẹ̀, wọn ò ní pè é ní àwòrán mímọ́ rárá, wúrà ì báà bò ó. Òun ni wọ́n ń kọ gbẹ̀yìn.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àlùfáà. Ògiri kan wà nínú ilé ìjọsìn wọn tó kún fún àwòrán, tó pààlà sáàárín pẹpẹ àti ìjọ, àwòrán Jésù wà lápá ọ̀tún ilẹ̀kùn àárín, ti Màríà wà lápá òsì. Ní gbogbo ìsìn, àlùfáà á fi tùràrí júbà níwájú wọn, á sì tẹrí ba. Ti ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ya méjèèjì. Mo bi í léèrè bó ṣe máa ń rí lára rẹ̀. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ le, pé àṣìṣe ọwọ́ òun nìkan lòun ń rí, pàápàá ìka kan tó gùn jù. Ó ní lọ́jọ́ kan ṣáá, òun ò rí ìka náà mọ́. “Láti ọjọ́ tí mo ti kọ orúkọ sí i,” ó ní, “kò ti jẹ́ tèmi mọ́.”

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tuntun, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn lórí rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 730 sí 787, àti láti 815 sí 843, ọ̀pọ̀ ọba tó jẹ ní Constantinople, ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí, ló ka àwòrán mímọ́ léèwọ̀. Àlùfáà kan ló gbèjà rẹ̀ jù: John ará Damásíkù, mọ́ǹkì ní Mar Saba nítòsí Jerúsálẹ́mù. Abẹ́ ìjọba àwọn Mùsùlùmí ló ń gbé, ọwọ́ ọba Constantinople ò lè tẹ̀ ẹ́. Ohun tó sọ ni pé lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò lè ya Ọlọ́run tí a kò rí. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá ti gbé ara èèyàn wọ̀, tí wọ́n fojú rí i, tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹni tí wọ́n rí ṣeé yà. Ẹni tó bá ní kò ṣeé yà ń sọ, bóyá láìmọ̀, pé kò di èèyàn ní ti gidi. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Niséà lọ́dún 787 wá pààlà sí i: ìsìn jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, ọ̀wọ̀ ni ti àwòrán, ọ̀wọ̀ náà sì ń kọjá lára pákó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lójú rẹ̀. Nígbà tí ìjà náà tún rú, Ọba Theophilos mú mọ́ǹkì kan tó ń jẹ́ Lazaros, ayàwòrán ni, wọ́n sì fi irin gbígbóná jó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó fi ọwọ́ yẹn kan náà ya Jòhánù Onítẹ̀bọmi nígbà tó yá. Kò di dandan kí ọ̀rẹ́ yín gbà, àwọn Kristẹni tí kò gbà pọ̀ láyé. Mo kàn ń fẹ́ kó mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín òrìṣà àti àwòrán, wọ́n sì ti ro ó jinlẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí iṣẹ́ méjèèjì pàdé lára rẹ̀, ẹ lọ sí Kyiv ní Ukraine, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Alipy wà ní ilé àwọn mọ́ǹkì tó wà nínú ihò àpáta níbẹ̀, ó kú ní nǹkan bí 1114. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì tó wá láti Constantinople ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí wọ́n ń ṣe ilé ìjọsìn ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà lẹ́yìn náà. Ìtàn tí àwọn mọ́ǹkì ibẹ̀ kọ sílẹ̀ sọ pé ó máa ń pín owó iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: ìdá kan fún ohun èlò, ìdá kan fún aláìní, ìdá kan fún ilé tó ń gbé. Wọ́n tún sọ pé adẹ́tẹ̀ kan wá bá a, Alipy sì fi ọ̀dà tó fi ń yàwòrán pa ojú egbò rẹ̀, ó fún un ní Ìdàpọ̀ Mímọ́, ó sì ní kó fi omi tí àwọn àlùfáà fi ń fọwọ́ bọ́jú. Yálà ẹ gba ìtàn náà gbọ́ àbí ẹ ò gbà á gbọ́, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ò rí ààlà kankan láàárín ọ̀dà àti Ìdàpọ̀. Nígbà tí ọmọ Rọ́ṣíà kan tó ja Ogun Àgbáyé Kejì di mọ́ǹkì lẹ́yìn ogun, orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n sọ ọ́. Òun ló wá di olórí ilé àwọn mọ́ǹkì ní Pechory nítòsí Pskov, láti 1959 títí ó fi kú ní 1975, àwọn ọdún tí ìjọba ń ti ilé ìjọsìn pa káàkiri. Ó ń tún ògiri mọ, ó ń tún àwọn àwòrán ṣe, wọn ò sì rí ilé náà tì.

Ibi kan wà tó ń kọ mí lóminú nípa àwọn àlùfáà ayàwòrán. Ta ló máa sọ fún bàbá ìjọ pé ojú tó yà wọ́? Wọ́n á kàn gbà á, wọ́n á fi ẹnu kò ó, wọ́n á gbé e kọ́. Mo ti rí àwòrán tí kò yẹ kó kúrò lórí tábìlì, tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ oyè nìkan ló gbé e dé ara ògiri. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Mọ́sìkò lọ́dún 1551 mọ èyí. Wọ́n ní kí ayàwòrán jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀mùtí, kó tẹ̀ lé àpẹẹrẹ àwọn tó ṣáájú, irú bíi Andrei Rublev. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé ẹni tí Ọlọ́run kò fún ní ẹ̀bùn rẹ̀, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìwà rere nìkan ò tó. Àlùfáà tó mọ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá tó lè sọ òótọ́ fún un, kó sì fẹ́ gbọ́.

Ẹ óò tún rí àwòrán tó dúdú kirikiri, ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Òróró èso ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ń bò ó ló ń dúdú, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Mẹ́talọ́kan tí Rublev yà pàápàá ti dúdú, wọ́n sì ti kun òmíràn lé e, títí di 1904 tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yọ.

Nípa àyè tí ẹ béèrè, ohun tí mo rí nírọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn tí mo lò lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn nìyí. Ó ń kun ilà funfun abẹ́ ojú, ibi tí ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Fóònù dún. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan ń kú lọ. Kò sọ pé kí wọ́n dúró kóun parí ojú kan yẹn. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọnú omi, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó lọ gbé àpótí kékeré tí Ìdàpọ̀ Mímọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì jáde. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó pa dà dé. Ọ̀dà inú abọ́ ti gbẹ, ó ti là. Ó fọ abọ́ náà, ó nù ún, ó sì fọ́ ẹyin mìíràn.